Ọjọ́ tí Mo Pa Olóyè Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Onitsha, ẹnu ọ̀nà ni mo ti fẹ́ padà. Ariwo tó ń jáde láti inú yàrá náà pọ̀ débi pé mo rò pé ìjà ló ń lọ. Àwọn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn báyìí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń lu tábìlì. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó jókòó síwájú rí mi níbi tí mo dúró sí.

"My sister, enter! You be the Yoruba woman wey dem post come? Wetin be your name?"

Mo dáhùn. Kò gbọ́. Mo tún un sọ, kò tún gbọ́.

"Nne, talk! For here nobody dey read!"

Madam Ngozi nìyẹn, alága ẹgbẹ́ wa. Òun ló sọ mí di Mama Rukky, nítorí Rukayat ọmọ mi. Òun náà ló kọ́ mi pé iṣẹ́ wa kò parí síbi ká to ìwé sórí pẹpẹ. A tún ní iṣẹ́ alágbàwí: ká máa lọ bá àwọn aláṣẹ, àwọn ọlọ́jà, àwọn pásítọ̀ àti lèmọ́mù, ká máa sọ ìdí tí ilé ìkàwé fi gbọdọ̀ wà fún wọn. Madam Ngozi mọ̀ ọ́n ṣe. Ó lè dá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá dúró lójú títì, kí ó tó jẹ́ kó lọ, ọkùnrin náà á ti gbà láti wá máa yá ìwé. Ní tèmi, ohùn mi kò gòkè rárá. Ọkọ mi, tó ń ta aṣọ nínú ọjà, máa ń ní bí olè bá wọlé wa, màá kàn sọ fún un pé kó rọra ṣe ni.

Yàrá ìkàwé tí mo ń bójú tó wà ní àdúgbò Odoakpu. Ẹni tó bá mọ Odoakpu á mọ̀ pé kò sí ibi tí ariwo kò sí níbẹ̀: jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn tó ń fi irin ṣe ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé yàrá kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń rí àyè kàwé. Obìnrin kan wà, Chinwe, aránṣọ ni, ó ń kàwé fún ìdánwò àwọn nọ́ọ̀sì. Bàbá àgbàlagbà kan náà wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Papa. Ó máa ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn bí ẹni tí wọ́n máa bi léèrè. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀. Bí n kò bá rí wọn láàárọ̀, ara mi kì í balẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ tó ni ilé náà fẹ́ sọ yàrá wa di ṣọ́ọ̀bù, mo sáré gbé e lọ bá Madam Ngozi. Ẹgbẹ́ pàdé. Àwọn kan ní ká lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àwọn kan ní ká wọ́de. Madam Ngozi ní rárá, ó ní ká pe Olóyè, alága ìgbìmọ̀ náà, kó wá fojú ara rẹ̀ rí wa.

"And na Mama Rukky go talk," ló bá wí. "Na her room."

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń dúró sí pálọ̀ wa ní Awada, mo ń kọ́ bí màá ṣe sọ̀rọ̀ sókè. Ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ mi.

"Ìyá Rukayat, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bàbá Rukayat, mo ti ń pariwo o."

"Èyí lò ń pè ní ariwo? Ṣe bíi pé mo jí ìwé rẹ gbé."

Ọjọ́ náà pé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú aṣọ tó dáa, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ mi ti wà lórí mi geere. Olóyè wọlé, fìlà pupa lórí, fóònù létí, ó ń bá ẹnì kan jà nípa ẹrù rẹ̀ tó há sí èbúté. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá kan. Chinwe gbé orí sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ni mo bá gbé ìka sétè.

"Ssssh!"

Ó ti jáde kí n tó mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ló rọ́ jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà. Madam Ngozi káwọ́ lé orí.

Olóyè gbé fóònù kúrò létí. "Madam, na me you dey tell make I keep quiet?"

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, orúnkún mi tilẹ̀ ti ń tẹ̀. Àmọ́ mo wo Chinwe. Ó fi ìka sí ibi tó kà dé, ó ń dúró kí ariwo náà tán. Inú bí mi.

"Yes sir," mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́. "Biko. People dey read."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìgbà yẹn ló tó rí wọn. Gbogbo tábìlì ló kún, àwọn kan tilẹ̀ jókòó sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Papa sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀, ó fi ìka tirẹ̀ náà sétè, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ó ti ń wo ọmọ kíláàsì rẹ̀ nígbà kan. Olóyè pa fóònù. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́ ló fi sọ ọ́.

"I dey pass here every day. I no dey hear anything. I think say the place empty."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ní Onitsha, etí lo fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Àwa ti ṣe iṣẹ́ tiwa dáadáa débi pé àwọn tó ń kọjá kò mọ̀ pé a wà. Mo gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́. Mo fa àga fún un, mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un létí ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun tí kálukú ń kà. Ó tẹ orí sọ́dọ̀ mi kó lè gbọ́. Nígbà tó máa lọ, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nílé rẹ̀.

Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà o, ibi tí à ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n kọ́ ọ sí. Wọn kò fọwọ́ kan yàrá. Chinwe yege, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Obosi báyìí. Madam Ngozi kò sì yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: bí ìpàdé bá ti ń dàrú, á ní kí wọ́n pe obìnrin tó pa Olóyè lẹ́nu mọ́ wá.

Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Inú yàrá náà ni ẹgbẹ́ ti wá kí mi, níṣojú àwọn tó ń kàwé, torí mo ní mi ò fẹ́ gbọ̀ngàn kankan. Wọ́n rọra gbé ẹ̀bùn lé mi lọ́wọ́. Madam Ngozi, tí ohùn rẹ̀ lè dé òdìkejì odò, ń sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé kí n sọ̀rọ̀. Mo wo àwọn tábìlì. Kò sí àga tó ṣófo. Omi dé sójú mi, ayọ̀ kún inú mi, n kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá.

"Ẹ ṣé o!" Mo fi gbogbo agbára kígbe. "Daalụ nụ o!"

Gbogbo wọn ló gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Papa sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé ìka sétè, gbogbo yàrá sì bá a gbè é.

"Ssssh!"