Onígbàjámọ̀ àti Ọmọláńgidi Onírun

Onígbàjámọ̀ ni, ṣùgbọ́n irun ń rí i lára. Kì í ṣe irun tó wà lórí èèyàn o. Ìyẹn kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tí irun bá ti kúrò lórí tó bọ́ sílẹ̀ ni kì í fẹ́ kó kan òun rárá. Bí fọ́nrán kan péré bá lẹ̀ mọ́ ọn létè, oúnjẹ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà ló sì jogún, ẹnu tó fẹ́ jẹun kò sì ráyè ṣàṣàyàn. Ó ń fi ìbọ̀wọ́ gbálẹ̀, ó ń fọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, ó sì ń da lọ́fíńdà sára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Lọ́fíńdà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Omi wọ kíláàsì ọmọbìnrin rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ni ìyá ọmọ, kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni bàbá bá mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gẹ irun fún oníbàárà mélòó kan, bàbá awakọ̀ kan tó ti hewú àti ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà nínú wọn, ó gbá irun wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí òjò á fi dá kó tó lọ dà á nù. Òjò kò dá. Oníbàárà kò wá mọ́.

"Dádì, ó ti sú mi," ọmọ náà wí.

"Jẹ́ ká ṣe mọ́tò. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ la fi ń ṣe ohun ìṣeré."

Ó gé páálí páúdà, ó fi ìṣó lu ìdérí ìgò, ó fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ gún un kọjá, ó di táyà. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe rò lọ. Nígbà tí ọmọ tọrọ ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu tí wọ́n fi ń nu dígí, kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi nà án sí i.

Nígbà tó ṣe, ọmọ gbé nǹkan síwájú rẹ̀. Ó ti fi rọ́bà so ọrùn ìbọ̀sẹ̀, ó fi bíírò ya ojú àti ẹnu sí i. Ọmọláńgidi gidi ni, ikùn rẹ̀ yọ rọ̀gọ̀dọ̀.

"O káre," bàbá wí.

"Ẹ fẹnu kò ó lẹ́nu."

Ó fẹnu kò ó. Nǹkan kan gún un létè. Ó fi ìka yọ ọ́, ó wò ó: irun funfun, kúkúrú.

"Kí lo kì sínú ẹ̀?"

"Irun inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ti bàbá awakọ̀ lẹ mú yẹn. Ti ọkùnrin onírùngbọ̀n náà wà níbẹ̀."

Onírùngbọ̀n yẹn, èépá ló wà láàárín irun rẹ̀. Lọ́fíńdà sáré bọ́ síta, ó bì títí kò fi sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Bó ṣe padà wọlé, ó mú ọmọláńgidi náà, ó jù ú sínú gọ́tà.

Ọmọ kò sunkún. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ibi tí nǹkan náà há sí.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ la fi ń ṣe ohun ìṣeré," ó wí jẹ́ẹ́.

Bàbá wọ ìbọ̀wọ́, ó wọ inú òjò lọ yọ ọ́ wá. Òórùn ajá tí òjò pa ló ń jáde lára nǹkan náà. Ó ní òun á fi fóòmù àga dípò irun, ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Ló bá da irun sínú abọ́, ó da omi gbígbóná àti oògùn apakòkòrò lé e, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìfun ẹran, ó di imú, ó ń gbin. Ó yí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ irun gbẹ sí i. Kò rántí pé irun tó bá ti gbẹ, fífò ló kù. Ìgbà tí yóò fi pa ẹ̀rọ náà, irun ti wọ ojú rẹ̀, ó wọ imú rẹ̀, ó wọ ẹnu rẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá ń tutọ́ ṣáá.

Wọ́n ṣà á jọ, wọ́n dá a padà sínú ìbọ̀sẹ̀, bàbá sì rán ìdí rẹ̀ léraléra.

Nírọ̀lẹ́, ìyá gba ọmọláńgidi náà, ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ó mà rọ̀ o. Kí lẹ kì sí i?"

"Àwọn oníbàárà Dádì ni."

Ìyá rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ dìde nídìí oúnjẹ, ó lọ fi omi yọ ẹnu.

Ọmọláńgidi yẹn ṣì wà lórí ìrọ̀rí ọmọ di báyìí. Bó bá tó àkókò oorun, ìyá ló máa ń wọlé lọ bo ọmọ láṣọ. Bàbá a dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, a ní ó dàárọ̀ o.