Ilé Ìyá Mautin Kò Ṣeé Fọ́

Ìyá Mautin, tó ń yan ẹja tà ní Gberefu létí òkun, ló pè mí pé kí n wá wó ilé tí èmi fúnra mi kọ́ fún un. Òkun ti jẹ ilẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀. Ó fẹ́ kí n bá òun yọ páànù, ilẹ̀kùn, àti irin inú àwọn òpó, kó lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ yàrá kan lórí ilẹ̀ ọmọ rẹ̀ ní Mowo. Kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì ká àtira irin tuntun mọ́.

Mo kó àwọn òṣìṣẹ́ mi wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àgbádárìgì. Sẹ́wánù ló ṣáájú wọn, bíríkìlà ọmọ Àjàṣẹ́ tó ti wà pẹ̀lú mi látìgbà tí mo ti dá iṣẹ́ ilé kíkọ́ sílẹ̀. Òun ló to búlọ́ọ̀kù ilé yẹn.

Ní etíkun, yanrìn ò tó nǹkan tí èèyàn ń wá lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kọ́lékọ́lé fi ń bu yanrìn òkun po sìmẹ́ǹtì, tí iyọ̀ rẹ̀ á sì jẹ irin mọ́ inú ògiri. Yanrìn odò ni èmi máa ń fi ọkọ̀ kó wá. Bí àwọn lébìrà bá ń pò ó, orí wọn ni mo máa ń dúró sí, torí bí ọ̀gá bá ṣẹ́jú, àpò sìmẹ́ǹtì kan ti rìn lọ nìyẹn. Ọ̀gá Pò-ó-Ki ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, torí mi ò kì í dín sìmẹ́ǹtì kù. Inú mi sì máa ń dùn sí orúkọ náà.

Páànù àti ilẹ̀kùn kò yọ wá lẹ́nu. Ìgbà tó kan òpó ni wàhálà dé. Sẹ́wánù gbé hámà ńlá lé e, hámà ta padà. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí àtẹ́lẹwọ́ fi bó, èérún lásán ló ń já bọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi, sìmẹ́ǹtì ni mo dà síwájú.

“Ọ̀gá,” Sẹ́wánù ní, “òpó yìí ò ní gbọ́.”

“Tún un gbá.”

“Ẹ wo omi lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Mo jágbe mọ́ ọn, mo gba hámà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbá òpó náà títí apá mi fi kú, ìbínú mi sì di ẹkún. Mi ò rí irin kankan yọ. Nígbà tí omi wọ abẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mi ló fà mí jáde.

Ìdí àgbọn la wà tí òkun fi gbẹ́ yanrìn abẹ́ ilé náà tán. Ó dojú dé lódindi, ògiri kan ò là. Lébìrà kan ní, “Iṣẹ́ rèé.” Ó rí ojú mi, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá Mautin jókòó lórí páànù tí a kó jọ, ó ń wo omi.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ká ní o jí nínú sìmẹ́ǹtì mi ni, ǹ bá ti rí irin mi gbà.”

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì mí, torí pé mo ṣe iṣẹ́ mi dáadáa.