Ọkọ̀ Tí A Kì Í Dọ̀bálẹ̀ Nínú Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Ṣábẹ̀ẹ́, tí ẹ fẹ́ mọ iye eyín tó ṣẹ́ kù lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀, ẹ kàn béèrè ọjọ́ tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Lùkúmọ́nù nínú ọkọ̀. Gbogbo eyín náà ni ẹ ó rí.

Ọjọ́ ìsinmi kan ni. Lùkúmọ́nù, tó máa ń fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ rẹ̀ gbé èèyàn lọ pẹja lórí odò Ọ̀pàrá, gbé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ṣúgà. Wọ́n dé àárín àwọn àpáta, níbi tí ẹja àrọ̀ ńláńlá máa ń sùn sí nísàlẹ̀ omi. Ìwọ̀ wà nísàlẹ̀, gbogbo ẹnu dákẹ́. Nígbà tí ebi dé, Lùkúmọ́nù tú oúnjẹ rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi jẹ ẹ́ o. Àwáwù ọmọ mi ló sè é, èyí tó ń ta kajú yíyan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, tó ń jẹ́ Alassane, ti ń ra kajú lọ́wọ́ Àwáwù láti ìgbà òjò. Ó ti ra kajú débi pé inú ń run ún. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì, àmọ́ kò tíì fojú kan bàbá ọmọ náà rí. Bó ṣe gbọ́ orúkọ yẹn báyìí, ó wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, ó rí i pé ẹni tí òun fẹ́ fi ṣe àna lòun ti ń pè ní "atukọ̀" láti àárọ̀, tí òun tún ní kó ṣe kíá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni Alassane. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde fùú, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, mi ò mọ̀ o!" Ló bá na gbalaja, ó dọ̀bálẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ! Ọkọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbàyè kó tó sín nínú rẹ̀!

Ọkọ̀ dojú dé. Ọlọ́run yọ wọ́n, orí àpáta kan ni wọ́n já lé nísàlẹ̀, omi kò sì ju àyà lọ níbẹ̀. Lùkúmọ́nù yọrí. Fìlà rẹ̀ ti ń bá odò lọ, ewé ẹ̀fọ́ wà lórí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó figbe ta, "Ta ló bí ọ? Ta ló rán ọ sí mi?"

Alassane dì mọ́ àpáta, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Alassane ni mí. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

Lùkúmọ́nù ní, "Nínú omi?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín, torí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé oníjà ni. Kì í ṣe oníjà. Alágídí ni. Ìgbà kámáráàdì là ń wí yìí, ìgbà tí àwọn ológun àti ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kan ṣoṣo ń ṣèjọba, tí wọ́n ní kò sí ọ̀gá mọ́, kò sí mùsé, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, mọ́, kámáráàdì ni gbogbo wa. Lùkúmọ́nù ní ìjọba ti pẹ́ jù. Ó ní òfin yẹn ti wà nínú ọkọ̀ òun kí wọ́n tó máa fi rédíò kéde rẹ̀. Nínú ọkọ̀ Lùkúmọ́nù, kò sí ìdọ̀bálẹ̀, kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí dídìde fún àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn, kó kí i láti ibi tí ìdí rẹ̀ wà. "Ẹ gbé àgbà yín kalẹ̀ sétí odò," ló máa ń sọ fún àwọn baálé ilé tó bá fẹ́ bínú. "Kò sẹ́ni tó máa jí i gbé. Tí a bá padà dé, ẹ ó bá a níbẹ̀."

Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Háà! Lórí ilẹ̀, bí o bá kí Lùkúmọ́nù lóòró, yóò béèrè bóyá ẹ̀yìn ń dùn ọ́.

Ẹja ìsàlẹ̀ omi ni tirẹ̀. Èyí tó bá ń fò lókè, ó ní ti àwọn ọmọdé nìyẹn. Àmọ́ ìwọ̀ tó máa dé ìsàlẹ̀ àárín àpáta gbọ́dọ̀ ní ohun tó wúwo nídìí, òjé kò sì wọ́pọ̀. Ni Lùkúmọ́nù bá gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó ń lọ sọ́dọ̀ Issa tó ń tún alùpùpù ṣe, ó ń ṣa àwọn búùjì tó ti kú, irin kékeré tó máa ń ṣáná nínú ẹ̀ńjìnnì, ó ń so wọ́n mọ́ okùn ìwọ̀. Búùjì dára gan-an fún iṣẹ́ náà, òótọ́ ni. Àmọ́ Issa máa ń ráhùn pé àwọn búùjì kan wà tí kò sóhun tó ṣe wọ́n rárá, àfi ìgbà tí Lùkúmọ́nù bá gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n máa ń kú.

Tí ìwọ̀ bá há sínú àpáta, Lùkúmọ́nù kì í gbà pé ó há. Láéláé! Ẹja ló fi ẹnu di àpáta mú. "Àgbà ẹja nìyẹn," ló máa wí, tí yóò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń ronú. Ẹ má kánjú mú un." Òyìnbó kan wà tó wá to ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ ṣúgà. Ó jókòó ti àpáta kan báyìí láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, ó di okùn mú, ó ń retí kí àpáta ronú tán. Nígbà tí okùn já, Lùkúmọ́nù bá a kẹ́dùn gidi. Ó ní ẹja náà ti rò ó, kò sì ní lè wá.

Kámáráàdì Pierre, tí ẹgbẹ́ fi ṣe olórí àdúgbò, gbọ́ nípa òfin inú ọkọ̀ náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun gbọ́dọ̀ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé àárín odò, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ rí i, wọ́n kígbe láti kí i, "Èhúzù!" ìyẹn ni pé ayé ti yí padà. Ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá kí báyìí gbọ́dọ̀ dìde, kó na ẹ̀ṣẹ́ sókè, kó dáhùn pé "Dandan!" Kámáráàdì fẹ́ dìde. Lùkúmọ́nù fi àjẹ̀ tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kámáráàdì, ẹ jókòó dá wọn lóhùn."

Kámáráàdì jókòó, ó fi ohùn tín-ín-rín dáhùn. Kò pẹ́, nǹkan fa okùn rẹ̀. Ó fà á sókè, ẹja òjìji ni. Ẹ mọ òjìji, ẹja tó máa ń gbé láàárín òkúta, tó ń gbọn èèyàn bí iná mànàmáná. Lùkúmọ́nù ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o." Kámáráàdì ní òun kì í bẹ̀rù ohunkóhun ní ilẹ̀ yìí. Ó fọwọ́ bà á. Yéè! Ọkùnrin náà fò dìde, apá rẹ̀ na gbọọrọ sókè, ó sì fi igbe kan ta tí kò ta irú rẹ̀ rí ní ìpàdé kankan. Lùkúmọ́nù fi gbogbo ara gbé ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ọkọ̀ má bàa dànù. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ na ẹ̀ṣẹ́ tiwọn náà sókè, gbogbo wọn pa pọ̀: "Dandan!"

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Alassane kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó dorí ọkọ̀ yẹn kodò, Lùkúmọ́nù sì búra pé ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ òun, kò ní jókòó jẹ́ẹ́ ti ọmọ òun. Àwáwù ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn. Òun nìkan ló kù nílé nínú àwọn ọmọ Lùkúmọ́nù, òun àti bàbá rẹ̀ sì fẹ́ràn iyàn jíjà ju oúnjẹ lọ. Tí bàbá bá ní ẹja kan tó apá, ọmọ á ní kò ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò bá a jiyàn mọ́. Ó kàn ń sunkún. Fẹ̀yìntọlá ìyá rẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ títí, ó sú u.

Àwọn ẹbí Alassane wá. Wọ́n kún yàrá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, Alassane ló sì wólẹ̀ jù. Lùkúmọ́nù wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ kú àárẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀, mo ti rí i. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìjókòó rẹ̀ ni mi ò tíì rí." Ó ní kí ọmọ náà wá jókòó nínú ọkọ̀ òun láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bó bá fi ìdí kúrò lórí pákó lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tán, kí ẹnikẹ́ni má tún mẹ́nu kàn án. Alassane gbà.

Ìyẹn rọrùn, àbí? Ẹ dúró ná. Lùkúmọ́nù so ọkọ̀ mọ́ ìtòsí èbúté, níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, òun náà jókòó sínú rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọmọ náà, ó sì ti ránṣẹ́ sí gbogbo àgbà tó tọ́ Alassane pé kí wọ́n wá kí ọmọ wọn! Adjara, àǹtí tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n, ló kọ́kọ́ dé. "Alassane, ǹ lẹ́ o." Alassane jókòó, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí mi." Adjara ní, "Èmi? Èmi lo jókòó kí?" Òógùn bo ọmọkùnrin náà. Ó di etí ọkọ̀ mú tọwọ́ tẹsẹ̀. Moustapha, àbúrò bàbá rẹ̀, wá tẹ̀ lé e. Àfáà tó kọ́ ọ ní kéwú náà wá. Orúnkún ọmọ náà ń dìde fúnra rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ padà. Àwáwù dúró lórí yanrìn, ó fi ìborùn bojú. Fẹ̀yìntọlá sì ń wo ọkọ rẹ̀ láti èbúté. Ó ní, "Bàbá Àwáwù, ìkà ni yín o."

Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ nígbà tí bàbá Alassane fúnra rẹ̀ dé láti Adido. Arúgbó ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ọ̀pá ló ń tì. Gbogbo èèyàn rò pé yóò pe ọmọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó kọjú sí Lùkúmọ́nù, ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó ṣí fìlà. Díẹ̀díẹ̀, bí egungun rẹ̀ ṣe gbà á láyè, ó dùbúlẹ̀, ó nà sórí yanrìn, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní, "A wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ yín ni. Ẹ ṣàánú wa."

Lùkúmọ́nù kò lè fara dà á. "Rárá o! Rárá o! Bàbá, ẹ dìde! Ẹ̀yin tí ẹ tó bí mi lọ́mọ!" Ó fò dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbé arúgbó náà nílẹ̀ láti inú ọkọ̀.

Ọkọ̀ fì. Lùkúmọ́nù fi orí lọ sínú odò. Omi ya wọ inú ọkọ̀, ó kún un, ọkọ̀ sì rọra rì jókòó sórí ẹrẹ̀. Nígbà tí omi tòrò, orí Alassane nìkan la rí.

Orí náà sọ pé, "Bàbá, mo ṣì jókòó o."

Lùkúmọ́nù nu omi kúrò lójú. Ó wò ó, ó tún wo arúgbó tó wà lórí yanrìn, ó wo Àwáwù. Ó ní, "Ẹ gbé bàbá dìde fún mi. Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ti rí ọmọ gbà."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà, Àwáwù sì lọ bá ọkọ rẹ̀ gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà. Láti ìgbà yẹn, Lùkúmọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní búùjì àwọn kátakàtà tó wà níbẹ̀ ló dára jù. Kò gbé búùjì kankan bọ̀ rí.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà ọyẹ́, àìsàn kékeré kan mú un lọ. Ọjọ́ tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, a jókòó sí àgbàlá rẹ̀, a ń sọ gbogbo ìwọ̀nyí, a ń rẹ́rìn-ín. Alassane ń rẹ́rìn-ín, Issa ń rẹ́rìn-ín, àní Fẹ̀yìntọlá fi ìborùn bo ẹnu. Mo ní, "Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ o! Torí ọkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọmọ fọ́kọ."

Àwáwù ń fún ọmọ lọ́mú. Ó ní, "Kì í ṣe torí ọkọ̀."

Gbogbo wa yíjú sí i.

Ó ní, "Kò fẹ́ kí n lọ ni. Èmi mọ̀. Ká ní ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré pé, 'Àwáwù, má lọ,' ǹ bá má lọ. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ ọ́."

Alassane gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè ráyè nu ojú.