Irun Ẹ̀yìn Orí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Tiwa-Lápapọ̀ ni àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ kan. Ó gbà tọkàntọkàn pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní ju ilé tó ń gbé lọ; kí wọ́n gba ìyókù, kí wọ́n pín in fún àwọn tí kò rílé gbé.

Kì í ṣe èrò yìí gan-an ló lé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná lẹ́nu rẹ̀, á pa kílípà, ẹ̀rọ ìgérun rẹ̀, á wá dúró síwájú oníbàárà, á máa ṣàlàyé. Ta ni yóò gbé orí tí wọ́n gé irun rẹ̀ dé ìdajì jáde sí ìgboro? Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ní "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Òun á rò pé wọ́n ti gbà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé o ti sọ tán? Àbí irun ìdajì la máa fi kí ìjọba tìrẹ káàbọ̀?" Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Káfíńtà kò padà wá mọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló kù tó ń wá gé irun lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló ra àga ìgérun fún un. Ilé méjì ni ó ní. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, owó tí àwọn ayálégbé ń san lórí èkejì ló fi ń jẹun.

"Àbúrò, ṣe é wéré o, mò ń lọ ìpàdé."

Onígbàjámọ̀ gé e dé àárín orí, ó pa kílípà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé kejì yẹn, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ló ni ín."

"Èmi tí mo fi orí ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ṣe wàhálà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n máa pín ilé bá dé, wọ́n á gbà á."

Ẹ̀gbọ́n wò ó nínú dígí. "Ṣé ìwọ náà á bá wọn wá?"

Irọ́ kékeré ì bá tó. Kò lè pa á.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tan ẹ̀rọ rẹ. Gé e tán."

Ó gé e tán, ó gbọn irun kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gé e dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oṣù díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó tún pàdé, nílé àbúrò wọn obìnrin tí ara rẹ̀ kò yá. Ooru mú, ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà. Irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ rí págunpàgun, abẹ sì ti gé awọ rẹ̀ lẹ́bàá etí.

"Ta ló gé e fún yín?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n tún ẹ̀yìn ṣe. Mi ò ní sọ nǹkan kan."

"Fi sílẹ̀. Ẹ̀yìn ni, èmi kọ́ ni mò ń wò ó."

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ ti gbéra lọ sí orí ẹ̀gbọ́n kó tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rọra dé fìlà rẹ̀ padà.