Ẹni Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Yàrá Òfìfo

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan ní Ọ̀tà máa ń kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa kó tó wọlé, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni níbẹ̀. "Èèyàn kì í ṣàdédé wọ yàrá oníyàrá," á ní.

Àwọn kọ̀ǹpútà wa ti gbó, wọn ò lè gbé sístẹ́ẹ̀mù tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ni ọ̀rẹ́ mi bá tún ààbò tó wà nínú sístẹ́ẹ̀mù tuntun ọ̀hún kọ, kó lè ṣiṣẹ́ lórí ti àtijọ́: áàpù kọ̀ọ̀kan wà ní yàrá tirẹ̀, kò lè fọwọ́ kan ẹrù òmíràn. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì wọlé, yàrá kan ṣoṣo ló há sí.

Ṣé wọ́n dúpẹ́? Ọ̀gá àgbà ẹ̀ka wa já wọlé láìkan ilẹ̀kùn: "Ò ń fàkókò ṣòfò lórí pàǹtí kọ̀ǹpútà!" Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Orí pàǹtí yẹn náà ni wọ́n ti tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi lé e!