Bàbá Mi Túmọ̀ Sinimá Ará Ọ̀run

Ó rẹ̀ mí nígbà tí mo wọlé lánàá. Bí mo ṣe tan iná, òórùn eruku tó ń jóná lára gílóòbù gbé mi padà sí ilé ìwé abúlé wa, lọ́nà Akanran, lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n fi ẹní dí gbogbo fèrèsé nítorí sinimá, ooru sì mú, gílóòbù ẹ̀rọ sinimá náà sì ń rùn bákan náà. Bàbá mi, ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń túmọ̀ òyìnbó inú rẹ̀ fún wa. Ohùn wọn ti há. Wọn kò sùn dáadáa láti ìgbà tí a ti sin àbúrò mi.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run nínú ọkọ̀ tó ń kọ mànà. Kíá, àwọn ìyá Aládùúrà tó wà láàárín wa bọ́ bàtà wọn bí ẹni wọ ilé àdúrà. Àmọ́ àwọn ará ayé inú sinimá náà sọ ọ́ lókùúta. Nígbà tó ń kú lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá mi yíjú wo ìyá mi.

“Bàbá Ṣadé, kí ló wí?” ni ìyá mi béèrè.

“Ó ní àjíǹde ń bọ̀,” ni wọ́n dáhùn. “Àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ jí.”

Gbogbo wa ṣe àmín. Ọjọ́ náà ni ìyá mi tó jẹun.

Mo dàgbà tán kí n tó tún rí sinimá yẹn: òǹgbẹ ni ọkùnrin náà ní ó ń gbẹ òun nígbà tó ń kú lọ.