Motọ́lání àti Eyín Bẹ́líìtì Kan

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ní kí Motọ́lání fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Tàjúdéènì ní Trans-Amadi. Ó ti wọ ọdún kẹfà, fíríìdọ̀mù ò dé. Òun ló kúkú fà á. Ta ló ní kó mọṣẹ́ ju ọ̀gá lọ?

Nínú ẹ́ńjìnnì, irin kan wà tí wọ́n ń pè ní kámúṣáàfù. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn àti epo láti wọlé, tó tún ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín láti jáde. Bẹ́líìtì eléyín ló ń yí i. Bí bẹ́líìtì bá fi eyín kan péré yẹ̀, táímìn ti dàrú nìyẹn. Bí ilẹ̀kùn bá ń tètè ṣí jù, mọ́tò á lágbára nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ṣùgbọ́n eré ò ní yá a lọ́nà márosẹ̀. Bó bá ń pẹ́ jù, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Motọ́lání á kàn dẹtí, á ní, "Eyín kan ló fi pẹ́." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n á bá a.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ò fi fẹ́ kó lọ. Lọ́dún kan, "Ó ku iṣẹ́ jíà." Lọ́dún kejì, "Ó ku iṣẹ́ iná." Bí Motọ́lání bá sì ní òun á bá tòun lọ, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín.

"Láìṣe fíríìdọ̀mù? Ta ló máa gbà ẹ́ sẹ́gbẹ́ mẹkáníìkì? Sípánà tèmi nìyẹn lọ́wọ́ ẹ o. Má sì jẹ́ n gbọ́ pé o fún kọ́sítọ́mà mi ní nọ́ńbà."

Ni ọ̀rẹ́ wa bá dá ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n ewúrẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká tètè sọ. Bí iṣẹ́ òun bá ń bàjẹ́, ṣebí ọ̀gá á fúnra ẹ̀ yọ̀nda òun?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Anti Belema, tó ń fi Camry àtijọ́ kó ẹja gbígbẹ lọ Oyigbo, wá pààrọ̀ bẹ́líìtì. Motọ́lání mọ̀ọ́mọ̀ fi eyín kan mú un pẹ́. Ọ̀gá tẹná mọ́tò, ó dẹtí. "Ó dáa. Ẹ máa gbé e lọ, mà."

Mọ́tò jáde. Motọ́lání po gààrí. Hẹ-hẹ-hẹ, ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń mí létí ẹ̀. Ó ń rí Anti Belema lójú ọ̀nà Oyigbo, tí tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹ̀, tí mọ́tò ò gbéra. Ó da gààrí nù, ó kó sípánà sínú àpò, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé obìnrin náà ní D-Line.

Anti Belema ti yí padà sílé. "My pikin, come see motor! E no gree climb small hill!"

"Aunty, abeg, na me spoil am. Make I do am again."

Wákàtí méjì ló fi tún un ṣe. Anti Belema gbé e yí àdúgbò po, ó padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Motor don young! So na you get the hand, no be Taju? Oya, give me your number."

Motọ́lání wẹ̀yìn wo géètì bí ẹni pé ọ̀gá dúró síbẹ̀. Ó wá rọra ka nọ́ńbà náà fún un.

Ọ̀gá ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù, lórí bẹ́ǹṣì. "Níbo lo kó sípánà mi lọ?"

"Ilé Anti Belema, sà. Bẹ́líìtì yẹn fi eyín kan pẹ́."

"Mo tẹná ẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ọ̀gá mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Irú ẹ ni wọ́n ń ní kí n yọ̀nda?"

Motọ́lání ń nu sípánà, ó ń gbé wọn kọ́ sórí ìṣó ọ̀gá níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó ku ẹyọ kan ni fóònù dún lápò ẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Kọ́sítọ́mà ni, sà," ni Motọ́lání wí, ó sì gbé e sétí níṣojú ọ̀gá.